Tẹlifíṣàn ló ń yan ẹni tí yunifásítì máa bá gbá bọ́ọ̀lù

Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ kò jìnnà, bí ọ̀nà bá gbà fún èèyàn. LAUTECH wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, Yunifásítì Ajayi Crowther wà ní Ọ̀yọ́. Ẹni tó bá mọ adùn bọ́ọ̀lù mọ̀ pé aládùúgbò sí aládùúgbò ló máa ń dùn jù: kí àwọn ọmọ Under G na àwọn ará Ọ̀yọ́, kí wọ́n sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ọdún tó ń bọ̀.

Ká ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan wá kó owó gidi kalẹ̀ lọ́la pé òun fẹ́ máa fi bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì wa hàn. Gbogbo wa la máa pàtẹ́wọ́, èmi náà ò ní gbẹ́yìn. Àmọ́ màá kọ́kọ́ ní kí wọ́n jẹ́ kí n ka àdéhùn yẹn, torí a ti rí ohun tírú ẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà.

Ẹ mọ Hakeem Olajuwon, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó lọ́dún 1963. Kó tó di ìràwọ̀ NBA, Yunifásítì Houston ló ti gbá básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù, ó sì bá wọn dé àṣekágbá gbogbo Amẹ́ríkà ní 1983 àti 1984. Líìgì tí Houston wà nígbà náà ń jẹ́ Southwest Conference. Texas ni gbogbo wọn wà àfi Arkansas nìkan.

Ọdún 1984 yẹn náà ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ tó yí gbogbo nǹkan padà. Kó tó dìgbà náà, NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, ló ń ṣètò bí wọ́n ṣe ń ta bọ́ọ̀lù wọn fún tẹlifíṣàn, òun náà ló ń sọ iye ìgbà tí wọ́n lè fi ẹgbẹ́ kan hàn. Oklahoma àti Georgia pè é lẹ́jọ́. Adájọ́ 7 sí 2 ló dá NCAA lẹ́bi pé ó ń dí ọjà lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tí kò fara mọ́ ọn ni Byron White, tóun fúnra ẹ̀ ti gbá bọ́ọ̀lù yunifásítì rí. Ó ní ètò NCAA ń jẹ́ kí owó náà kàn tolórí tẹlẹ́mù, pé kì í jẹ́ kí eré di òwò. Ní ti òfin, mo wà lẹ́yìn àwọn méje. Àmọ́ agbábọ́ọ̀lù inú wọn ló rí ọ̀ọ́kán.

Látìgbà náà ni líìgì kọ̀ọ̀kan ti ń ta ọjà tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi ara ẹ̀ mọ́ pé ta ló sún mọ́ wa. Ta ló máa mú èrò jókòó síwájú tẹlifíṣàn ni wọ́n ń bi. Arkansas bá tiẹ̀ lọ sí SEC, ó ku mẹ́jọ, Texas nìkan ni gbogbo wọn. Ta ló fẹ́ fowó ńlá ra líìgì ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo? Mẹ́rin nínú wọn lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn Big Eight, wọ́n di Big 12, Southwest sì kógbá sílé ní 1996. Wọ́n fi Houston sílẹ̀ síta, tòun ti gbogbo òkìkí Olajuwon. 2023 ló tó wọ Big 12. Ọdún 27 o!

Ti Pac-12 tún wá burú jù. Líìgì tó ti wà láti 1915 ò rí àdéhùn tẹlifíṣàn tó dáa ṣe, nígbà tí Big Ten gba iye tó lé ní bílíọ̀nù 7 dọ́là fún ọdún 7 lọ́wọ́ Fox, CBS àti NBC. Láàárín 2022 sí 2023, mẹ́wàá nínú méjìlá kéde pé àwọn ń lọ. Ní báyìí, UCLA ní Los Angeles wà ní líìgì kan náà pẹ̀lú Rutgers ní New Jersey, nǹkan bíi 4,000 kìlómítà síra. Àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá fọ́lìbọ́ọ̀lù náà ń wọ bàálù yẹn, wọ́n sì ní kíláàsì láti lọ. Stanford tó wà lápá òkun Pàsífíìkì wá ń gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì Atlantic. SMU ní tiẹ̀ gbà pé òun ò ní gba kọ́bọ̀ nínú owó tẹlifíṣàn líìgì náà fún ọdún 9, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kóun wọlé.

Mi ò sọ pé owó burú. Nílé níbí, HiFL bẹ̀rẹ̀ ní 2018 pẹ̀lú yunifásítì 16, owó onígbọ̀wọ́ ló gbé e dìde, ó sì di 32 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé tí tẹlifíṣàn bá wá yan ẹni tó wù ú, UNILAG, UI àti OAU ló máa kọ́kọ́ wò. Ibẹ̀ lèrò wà. Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ lè wá di Houston.

Torí náà, ẹ̀yin ọ̀gá yunifásítì, ẹ má dá tọwọ́ bọ̀wé lẹ́yìn àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ àtifi bọ́ọ̀lù náà hàn, bí wọ́n ṣe máa pín owó, àti iye tí ẹni tó bá fẹ́ kúrò máa san. Kó sì wà níbẹ̀ pé LAUTECH àti Ajayi Crowther gbọ́dọ̀ pàdé lọ́dọọdún, ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún yìí, ní pápá Durbar ní Ọ̀yọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, kámẹ́rà wá o, kò wá o.