Ẹ̀rọ ìjórin olówó pọ́ọ́kú: kí lẹ máa wò kẹ́ ẹ tó sanwó?

Ẹni tó bá ń gbé nítòsí ṣọ́ọ̀bù jórinjórin á ti mọ̀ ọ́n: bí wọ́n bá ti fi ẹlẹ́kítíróòdù kan irin báyìí, gílóòbù inú ilé á ṣẹ́jú, fáànù á rọra falẹ̀, á sì tún gbéra. Ẹ̀rọ ńlá tó wà nílẹ̀ níbẹ̀, tí ọkùnrin méjì ń gbé, ló fa iná mu lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ ẹ̀rọ kékeré kan ti gba ọjà báyìí, tí ẹ lè gbé kọ́ èjìká bíi báàgì, kì í sì í ṣe jórinjórin nìkan ló ń rà á. Ẹni tí híńjì géètì rẹ̀ já ń rà á, ẹni tó fẹ́ ṣe àdògán tàbí àga irin fúnra rẹ̀ náà ń rà á. Torí pé físíìsì ni mò ń kà, gbogbo ẹbí gbà pé mo mọ ohunkóhun tó bá ti ní wáyà, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì máa ń bi mí: èwo ni kí n rà tówó mi ò fi ní wọgbó?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe. Ó ń gba iná 220 fóltì, ó ń dín fóltì náà kù, ó sì ń sọ ámpù di púpọ̀. Láàárín ẹnu ẹlẹ́kítíróòdù àti irin, fóltì bíi 20 sí 25 péré ló wà nígbà tí iná bá ń jó, ṣùgbọ́n ámpù tó ń kọjá níbẹ̀ lè tó 80. Ooru ibẹ̀ ju 5,000°C lọ, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi 1,500°C ti tó kí irin yọ́.

Tiransífọ́mà lásán ni ẹ̀rọ àtijọ́ ń lò. Iná tiwa ń yí síwásẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn sì lọ́ra púpọ̀ fún tiransífọ́mà, torí náà ó nílò irin àti wáyà rẹpẹtẹ. Ẹ wò ó bí ẹni tó ń pọn omi kún àmù: bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ló máa lọ lóòjọ́, korobá ńlá ló máa gbé, bó bá ń sáré lọ sáré bọ̀ láìsinmi, kọ́ọ̀pù ti tó o. Ohun tí ẹ̀rọ tuntun, tí wọ́n ń pè ní ìnfátà, ń ṣe nìyẹn. (Kì í ṣe ìnfátà tó ń lo bátìrì nílé o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n.) Ó máa ń sọ iná di DC, á gé e wẹ́wẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á wá gbé e gba inú tiransífọ́mà tí kò ju ìkúùkù lọ. Iná DC ló tún ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Iná AC máa ń kú, á tún jí, ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. DC kì í kú rárá. Ìdí nìyẹn tí ìnfátà fi rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Ó dáa, a dé ọjà. Ẹ̀rọ kan wà níwájú yín, wọ́n kọ "300" gàdàgbà sí i lára, púlọ́ọ̀gì tó wà lẹ́nu wáyà rẹ̀ sì jẹ́ ti 13 ámpù, irú èyí tí áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ ń lò. Ẹ má tíì dáhùn, ẹ mú fóònù yín, ẹ ṣí kákúlétọ̀. Ìlànà tí wọ́n fi ń ṣírò fóltì irú ẹ̀rọ yìí rọrùn: 20, kẹ́ ẹ fi 0.04 lọ́nà iye ámpù kún un. Fún 300 ámpù, 32 fóltì nìyẹn. 32 lọ́nà 300 jẹ́ 9,600 wáàtì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 ámpù ńkọ́? 220 lọ́nà 13 ò ju 2,860 wáàtì lọ. Níbo wá ni ìyókù ti fẹ́ wá? Kò síbì kankan. Irọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ẹ máa rí i pé irọ́ yìí ò tiẹ̀ ṣe yín ní nǹkan kan bẹ́ ẹ bá mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe. Ẹlẹ́kítíróòdù géèjì 12, tó jẹ́ mílímítà 2.5, ń fẹ́ 60 sí 90 ámpù. Géèjì 10 ò fi bẹ́ẹ̀ ju 130 lọ, irin tó nípọn gan-an ló sì wà fún. Páìpù onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ń ṣe àga àti ojú fèrèsé máa ń fẹ́lẹ́. Géèjì 14 ní 40 sí 55 ámpù ló bá a mu. Ẹ̀rọ tó ń ṣe dáadáa ní 50 ámpù, tí iná rẹ̀ ò máa ṣẹ́ tàbí kó lu irin jo, wúlò fún yín ju èyí tó ń pariwo 300 lọ. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á dán an wò lójú yín lórí páìpù tó fẹ́lẹ́.

Ẹ tún wo àkọlé kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wá lẹ́tà X. Ó ń sọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ̀rọ lè fi ṣiṣẹ́ nínú 10 kó tó sinmi. Bí wọ́n bá kọ 30% síbẹ̀ ní 120 ámpù, ìṣẹ́jú 3 ni. Àmọ́ bí ooru ṣe ń pọ̀ ń tẹ̀ lé ámpù lọ́nà ara rẹ̀, nítorí náà bẹ́ ẹ bá dín in kù sí 80, ìṣẹ́jú bíi 6 ààbọ̀ lẹ máa rí. Ó ti tó fún géètì ilé. Èyí tí ò bá ní àkọlé yìí rárá, èmi ò lè fowó mi rà á.

Ọ̀rọ̀ iná ló wá kù, ibẹ̀ gan-an lewu wà. Ní 80 ámpù, ẹnu irin nìkan ń gba nǹkan bíi 1,850 wáàtì. Bẹ́ ẹ bá ka èyí tó ń ṣòfò nínú ẹ̀rọ mọ́ ọn, ó lé ní 2,300. Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú sì máa ń fa ámpù ju bí wáàtì rẹ̀ ṣe fi hàn lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" ò lè gbé e, ẹ má dán an wò. Èyí tó kéré sí 3.5 kVA á máa ráhùn. 5 kVA ló máa ṣe é tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. Bó bá jẹ́ iná ilé ni, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná fa wáyà ọ̀tọ̀ fún un láti bọ́ọ̀dù. Ẹ sì jìnnà sí ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n tínínrín. Wáyà tó jẹ́ 0.75 tó gùn ní mítà 20, bí ámpù 15 bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, ooru rẹ̀ lé ní 200 wáàtì, ìyẹn gílóòbù àtijọ́ méjì tó ń jó nínú rọ́bà wáyà. Bẹ́ ẹ bá tún ká a jọ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ẹ fojú inú wò ó.

Mi ò bú ẹ̀rọ ńlá táwọn tiwa ń fọwọ́ wé o. Bó bá bà jẹ́, ẹni tó ń wé wáyà lágbègbè yín á tún un ṣe. Ìnfátà tó bá jóná, ojú pátákó rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n fún ilé, ó wúwo, ó sì ń jẹ iná jù.

Kẹ́ ẹ má ná gbogbo owó tán sórí ẹ̀rọ. Ẹ fi díẹ̀ ra ìbòjú tí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 10, torí awò dúdú tí wọ́n ń lò lóòrùn kò tó. Ìtànṣán tí ẹ ò lè rí ló ń jó ojú. Lóru lẹ máa tó mọ̀, tí ẹyinjú á máa ta yín bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Ẹ lé àwọn ọmọ tó bá ń wòran sẹ́yìn.

Irin tí wọ́n fi síǹkì bò bíi páànù tún ní tirẹ̀. Èéfín funfun tó ń jáde lára rẹ̀ lè mú kí ara gbóná, kí òtútù sì máa mú èèyàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tẹ́ ẹ ó rò pé ibà ni. Àwọn kan ní kéèyàn mu mílíìkì. Ikùn ni mílíìkì ń lọ, ẹ̀dọ̀fóró lèéfín sì wọ̀. Ẹ ha síǹkì náà kúrò níbi tẹ́ ẹ fẹ́ jó, ẹ ṣe é níta, kí atẹ́gùn máa fẹ́ èéfín kúrò lójú yín. Bí òtútù bá sì mú yín lẹ́yìn rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ jórin lọ́jọ́ yẹn, kó má baà jẹ́ pé oògùn ibà nìkan ni wọ́n máa fún yín.