Ìwé Ìtàn Ìfẹ́ Lọ́wọ́ Àwọn Ọmọbìnrin Wa: Ṣé Ká Dáná Sun Ún Ni?

Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ nílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ òbí ń sọ ní kọ̀rọ̀, tó sì yẹ ká gbé wá sí gbangba. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ìwé ìtàn ìfẹ́ tí àwọn ọmọbìnrin wa ń kà, èyí tí wọ́n tún ń gbọ́ nísinsìnyí láti inú fóònù. Wọ́n á ki okùn rẹ̀ bọ etí méjèèjì, ìyá á pè wọ́n títí, wọn kò ní dáhùn.

Oríṣi méjì ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ni èyí tí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin fẹ́ràn ara wọn, tí òbí tàbí àìlówó sì dí wọn lọ́nà. Èkejì ni èyí tí wọ́n po ìfẹ́ mọ́ ìbẹ̀rù: wọ́n ti pa ẹnì kan, lẹ́tà tí kò ní orúkọ ń wọlé, ọmọbìnrin inú ìtàn kò sì mọ̀ bóyá ọkùnrin tó ń pè é ní olólùfẹ́ náà gan-an ló ń wá ẹ̀mí rẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ irú èyí lálẹ́, á fẹ́ mọ òpin rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọbẹ̀ á jóná, àsìkò ìrun á sì kọjá.

Ìdí nìyí tí àwọn bàbá kan fi ń sọ pé kí a fa ìwé náà ya, kí a sì gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní iná ló tọ́ sí i. Inú tó ń bí wọn kì í ṣe lásán. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Kí a tó ṣáná, ẹ jẹ́ ká wo ìlú kan tí wọ́n ti ṣe é rí, ká sì wo ohun tó ti ibẹ̀ jáde.

KÌ Í ṢE OHUN TUNTUN LÁÀÁRÍN WA

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ayé òde òní ló kó irú ìtàn yìí dé. Ní ọdún 1929, Isaac Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àwọn lẹ́tà obìnrin kan jáde, Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, tó jayé lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ọkùnrin nígbà èwe, tó wá ń ka àbámọ̀ lórí ibùsùn àìsàn. Ọ̀pọ̀ olùkàwé ní Èkó gbà pé òtítọ́ ni, bẹ́ẹ̀ Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Ní 1930 ó di ìwé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ẹ ò rí i pé ìtàn ìfẹ́ ló ṣílẹ̀kùn, tó sì jẹ́ pé ìkìlọ̀ ló gbé lọ́wọ́.

Ní 1969 ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde, ìwé ọ̀daràn àti ìwádìí tí kì í jẹ́ kí èèyàn sùn. Ní 1974 ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Ó Le Kú, ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbàdàn tí ìfẹ́ ọmọbìnrin mẹ́ta kó sí wàhálà. Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997. Ẹ̀yin ará Ọ̀rẹ̀ kò ní ṣàì rẹ́rìn-ín sí orúkọ ìwé náà, nítorí láti ìgbà ogun abẹ́lé ní 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun kojú ara wọn ní ìlú yín, ni àwọn èèyàn ti máa ń wí pé, “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!”

Èyí tó wá láti òkè òkun náà kò kéré. Ilé-iṣẹ́ Mills & Boon ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1908, ìwé rẹ̀ sì kún orí àtẹ àwọn olówò ìwé àlòkù nílẹ̀ wa. Ní 1977 ni ilé-iṣẹ́ Macmillan bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àwọn ìwé kéékèèké tí wọ́n pè ní Pacesetters, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kọ. Ká má parọ́, ọ̀pọ̀ ìyá tó ń já ìwé gbà lọ́wọ́ ọmọ lónìí ti fi irú rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí rí.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ KÁNÒ

Ìlú tí a ní kí a wò ni Kánò, ìlú Mùsùlùmí tí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Láti bí ọdún 1980 sí 1990 ni àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn obìnrin ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi owó ara wọn tẹ ìwé kéékèèké ní èdè Haúsá, tí wọ́n ń tà lọ́jà. Littattafan soyayya ni wọ́n ń pè é, èyí ni pé ìwé ìfẹ́. Lára àwọn tó ṣáájú ni Hafsat Abdulwaheed, ẹni tí ìwé rẹ̀, So Aljannar Duniya, jáde ní 1980. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni pé ìfẹ́ ni ọgbà ìdẹ̀ra ayé.

Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn obìnrin náà ni Hájíà Balaraba Ramat Yakubu, àbúrò Ọ̀gágun Murtala Muhammed tó ṣe olórí ilẹ̀ wa. Wọ́n mú un fún ọkọ nígbà tí kò tíì ju ọmọ bí ọdún 13 lọ. Ìgbéyàwó náà túká, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ àgbà, ó kọ́ ìwé kíkà àti kíkọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé. Orúkọ ọ̀kan nínú ìwé rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè: ta ni yóò fẹ́ obìnrin aláìmọ̀wé? Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti fi ipá fa ọmọdébìnrin fún àgbàlagbà, tó sì jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ló yọ ọ́. Ìwé rẹ̀ kejì, Alhaki Kuykuyo Ne, jáde ní 1990. Ọ̀rọ̀ àgbà Haúsá ni: ẹ̀ṣẹ̀ dà bí ọmọ ajá, olówó rẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé. Ó sọ ìtàn ọkùnrin oníṣòwò kan, ahun, tó lé ìyàwó rẹ̀ jáde pẹ̀lú ọmọ mẹ́sàn-án nítorí ìyàwó tuntun, àti bí obìnrin náà ṣe ń ta oúnjẹ bọ́ àwọn ọmọ. Aliyu Kamal túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ilẹ̀ Íńdíà ní 2012.

Àwọn aṣáájú ní Kánò kò fara mọ́ ìwé wọ̀nyí. Wọ́n ní wọ́n ń kọ́ ọmọbìnrin ní àìgbọràn, wọ́n sì ń fi àṣà àjèjì hàn án. Láti 2001 ni ìpínlẹ̀ náà ti ní àjọ tó ń yẹ ìwé àti fíìmù wò. Ní 2007, gómìnà ìgbà náà, Ibrahim Shekarau, ṣáájú níbi tí wọ́n ti dáná sun irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan.

Ǹjẹ́ iná náà pa ìtàn ìfẹ́ ní Kánò? Rárá o. Àwọn òǹkọ̀wé kò dáwọ́ dúró. Ìtàn náà kàn wá ọ̀nà mìíràn gbà ni.

OHÙN KÒ ṢEÉ DÁNÁ SUN

Ọ̀nà náà ni ohùn. Ó ti pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò lókè ọya ti ní ètò tí ẹnì kan á ti máa ka ìwé ìtàn Haúsá láti ojú ewé dé ojú ewé, tí yóò dá a dúró níbi tó dùn jù, tí yóò sì ní kí àwọn olùgbọ́ padà wá. Lónìí ó ti wà nínú fóònù, àwọn èèyàn sì ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Obìnrin ẹlẹ́hàá tí kì í jáde, obìnrin tí kò mọ ìwé rárá, àti ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ ti ṣú, gbogbo wọn ló ń gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ṣé àwa náà kọ́ la ń pàlọ́ lábẹ́ òṣùpá kí iná mànàmáná tó dé? Obìnrin tó ń sá kòkó tàbí tó ń yan gàrí, ọwọ́ rẹ̀ kò ṣófo láti di ìwé mú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣófo. Bí a bá jí ìwé kó lórí àtẹ gbogbo, a kò lè jí ohùn kó nínú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìtàn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ní ayé yìí, àfi kó gba etí rẹ̀.

KÍ NI Ẹ̀SÌN WÍ?

Àwọn àlùfáà tó ń bínú ní ibi tí wọ́n dúró lé. Suratu Lukmana, ẹsẹ kẹfà, bá ẹni tó ń ra ọ̀rọ̀ asán láti fi ṣi èèyàn lọ́nà wí. Àwọn atúmọ̀ Àlùkùránì sọ pé Nadr ọmọ Hárísì ni ọ̀rọ̀ náà bá wí, ẹni tó kó ìtàn àwọn ọba Páṣíà wá sí Mẹ́kà kí àwọn èèyàn má baà gbọ́ ìwàásù Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Ìtàn tó bá gba ìrun mọ́ni lọ́wọ́, tàbí tó kún fún ìwà ìbàjẹ́, a kò ní gbè é.

Ṣùgbọ́n Àlùkùránì kan náà ló sọ ìtàn Yúsúfù fún wa, tó sì kà á mọ́ ìtàn tó dára jù lọ. Ẹ ronú sí ohun tó wà nínú rẹ̀: ìyàwó ìjòyè tí ọkàn rẹ̀ fà sí ọ̀dọ́mọkùnrin, ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, eré sísá, ẹ̀wù tó ya, ẹ̀sùn èké, àti ẹlẹ́rìí tó ní kí wọ́n wò ó bóyá iwájú ni ẹ̀wù ti ya tàbí ẹ̀yìn. Ìfẹ́ ọkàn wà níbẹ̀, ìbẹ̀rù wà níbẹ̀, ìwádìí ọ̀ràn wà níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó gbé wọn ró ló sọ wọ́n di mímọ́.

Bukhari gba ìtàn Barira sílẹ̀, ẹrúbìnrin tó gba òmìnira, tó sì kọ ọkọ rẹ̀, Mughith, sílẹ̀. Mughith ń tẹ̀ lé e káàkiri ìgboro Mọ̀dínà, omijé ń ṣàn sí irùngbọ̀n rẹ̀. Ànábì bá a bẹ Barira. Obìnrin náà béèrè bóyá àṣẹ ni, Ànábì ní ẹ̀bẹ̀ lásán ni. Barira ní òun kò fẹ́, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Khansa, ọmọ Khidam, náà wà níbẹ̀, ẹni tí bàbá rẹ̀ fún ọkọ tí kò fẹ́, tí Ànábì sì tú ìgbéyàwó náà ká. Ní bí ọdún 1022, Ibn Hazm, ògbóǹtarìgì nínú òfin ẹ̀sìn ní ilẹ̀ Sípéènì, kọ odidi ìwé lórí ìfẹ́ àti ìṣe àwọn olólùfẹ́. Kò sí ẹni tó ní kò tún ṣe Mùsùlùmí mọ́.

Ẹ fi èyí wé ọ̀ràn Kánò. Ohun tí obìnrin wọ̀nyẹn ń ké sí, pé kí a má fi ipá fa ọmọ fún ọkọ, ẹ̀sìn ti gbà á kí wọ́n tó kọ ọ́. Ìkìlọ̀ ló wà nínú púpọ̀ nínú ìwé tí wọ́n sun.

KÍ NI KÁ ṢE?

Ọ̀rẹ̀ jẹ́ oríta. Ọkọ̀ Èkó ń kọjá, ọkọ̀ Benin ń kọjá, ọkọ̀ Oǹdó àti ti Òkìtìpupa ń yà. Ojoojúmọ́ ni ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn ń sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì, tí ọkọ̀ mìíràn sì ń gbé e lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọbìnrin tí kò gbọ́ ìtàn ẹlẹ́tàn rí, ibẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, ara rẹ̀ ni yóò sì fi san owó ẹ̀kọ́ náà. Èyí tó bá pàdé rẹ̀ nínú ìwé, owó ìwé nìkan ló san.

Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kò tó, nítorí ìwé mìíràn a máa tanni. Nínú ìtàn ìfẹ́ tó ní ìbẹ̀rù, ọkùnrin lè máa ṣọ́ ọmọbìnrin kiri, kó máa yẹ fóònù rẹ̀ wò, kó máa halẹ̀ mọ́ ọn, kí òǹkọ̀wé sì ní ìfẹ́ ló pọ̀ lọ́kàn rẹ̀. Ta ni yóò sọ fún ọmọ pé ohun tó dùn ún kà nínú ìwé, sísá ló yẹ kó sá fún un lójú ayé? Iná kò lè sọ ọ́. Ìyá ló lè sọ ọ́, bó bá mọ ohun tí ọmọ ń gbọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ yọ okùn kan kúrò ní etí ọmọ, kí ẹ sì fi í sí etí yín. Ẹ gbọ́ ọ pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìbàjẹ́, ẹ ó mọ̀, ẹ ó sì pa á pẹ̀lú àlàyé. Bí kò bá jẹ́ ìbàjẹ́, ẹ bi í léèrè: bí ìwọ bá ni, kí lo máa ṣe? Ìdáhùn rẹ̀ yóò jẹ́ kí ẹ mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún ìbéèrè mìíràn lọ. Bí ìrun bá tó, kí ìtàn dúró. Kò ní sá lọ.

Ẹ̀yin bàbá, kí ẹ tó sọ pé ìwé ló ń kọ́ ọmọ ní àìgbọràn, ẹ ránti Khansa, kí ẹ sì béèrè ohun tí ọmọ fẹ́ kí ẹ tó gba owó ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin olùkọ́ ilé kéwú, ẹ sọ ìtàn Yúsúfù àti ti Barira fún wọn ní Yorùbá tó já gaara, kí wọ́n má baà rò pé ìta nìkan ni ìtàn dídùn wà. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé wa, pápá ṣófo: ẹ kọ èyí tó mọ́, ẹ sì kà á sórí ẹ̀rọ ní èdè wa fún àwọn ìyá tí kò lọ sí ilé-ìwé.

Ọmọ tí a kò bá sọ̀rọ̀ nílé, ará ìta ni yóò bá a sọ ọ́. Kí Ọlọ́hun fi wá mọ̀nà, kí Ó sì ṣọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.