Ìwé Àṣẹ Tí Ń Béèrè Ọ̀rọ̀

Bíbéèrè ni kì í jẹ́ kí ẹni ó ṣìnà. Òwe yìí bá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mu pẹ̀lú. Ní ọdún 1991 ni Bram Moolenaar, ará Nẹ́dálándì, gbé Vim jáde. Vim ni ètò tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ènìyàn lè to àṣẹ sínú ìwé kan, kí Vim máa tẹ̀ lé e.

Ká ní olùkọ́ kan ní Ìkọ̀lé-Èkìtì fẹ́ kọ èsì ìdánwò sí àwọn òbí tí ń gbé Ọyẹ́ àti Ìdó. Lẹ́tà kan náà ni, àfi orúkọ ọmọ àti máàkì rẹ̀ ni ó yàtọ̀. Bí àṣẹ input() bá wà nínú ìwé náà, Vim yóò dúró, yóò béèrè ní ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà pé, “Kí ni orúkọ ọmọ náà?” Bí olùkọ́ bá dáhùn, tí ó sì tẹ bọ́tìnì Enter, iṣẹ́ yóò tẹ̀ síwájú.

Ṣùgbọ́n ewu méjì ń bẹ níbẹ̀. Èkínní, bí olùkọ́ bá tẹ Esc láti jáwọ́, òfo ni input() yóò mú wá; lẹ́tà aláìlórúkọ lè ti ibẹ̀ jáde. Èkejì, ọ̀rọ̀ lásán ni Vim ka ìdáhùn sí, ìbáà jẹ́ 75. Àṣẹ str2nr() ni ó ń sọ ọ́ di iye. Bí ìka bá sì ṣèèṣì tẹ lẹ́tà kan ṣáájú 75 náà, òdo ni yóò fún ọmọ tí ó yege.

Nítorí náà, kò tó kí ìwé àṣẹ béèrè. Ó yẹ kí ó yẹ ìdáhùn wò, kí ó sì tún béèrè bí kò bá tọ́.