Ẹjọ́ gómìnà Èkìtì àti ọ̀rọ̀ iye ẹni tó yẹ kó dájọ́

Àwọn tí kò tíì gbàgbé ọjọ́ karùn-ún, oṣù karùn-ún, ọdún 2010 ṣì pọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Ẹmùré àti ní gbogbo ẹsẹ̀ òkè Olósùnta. Lọ́jọ́ náà ni ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìdìbò ka ìdájọ́ rẹ̀ l'Ádó-Èkìtì lórí ẹni tó wọlé nínú àtúndì ìbò gómìnà. Adájọ́ márùn-ún ló jókòó. Mẹ́ta nínú wọn ní Onímọ̀-ẹ̀rọ Ṣẹ́gun Òní ló jáwé olúborí, méjì ní àwọn ò gbà bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta ju méjì lọ, nítorí náà Òní ò kúrò lórí àga.

Ẹjọ́ ọ̀hún ti pẹ́ nílẹ̀ kó tó débẹ̀. Láti ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin, ọdún 2007 tí wọ́n ti dìbò náà ni Dókítà Káyọ̀dé Fáyẹmí ti ń sọ pé òun lòún wọlé. Nínú oṣù kejì, ọdún 2009, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé ìbò wọ́ọ̀dù 63, ó ní kí wọ́n tún un dì. Àtúndì yẹn náà tún di ẹjọ́. Lẹ́yìn tí àwọn márùn-ún l'Ádó pín sí mẹ́ta àti méjì, Fáyẹmí gbé e lọ sí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn n'Ílọrin, níbi tí Adájọ́ Ayọ̀ Sàlámì ti ṣáájú àwọn adájọ́ yòókù. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2010, gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan pé Fáyẹmí ló wọlé. Ọjọ́ kejì ni wọ́n búra fún un. Láyé ìgbà náà, ibẹ̀ ni ẹjọ́ gómìnà ń parí sí. Èèyàn kò tíì lè gbé e dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ l'Ábújá.

A kò fẹ́ tún ìjà òṣèlú ọjọ́ náà jà. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá wa wò ni iye yẹn: mẹ́ta sí méjì. Bó bá jẹ́ pé òfin ní kí àwọn márààrún fohùn ṣọ̀kan ńkọ́? Bó bá jẹ́ adájọ́ mẹ́ta péré ló jókòó ńkọ́? Ṣé ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa bá ara wọn sọ nínú yàrá tí wọ́n ti ń forí korí yóò yàtọ̀? Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wà tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ìbéèrè yìí, torí pé ní orílẹ̀-èdè tiwọn, adájọ́ nìkan kọ́ ló ń sọ ẹni tó jẹ̀bi. Júrì wà níbẹ̀.

Àwọn ará ìlú lásán ni wọ́n ń pè ní júrì: àgbẹ̀, oníṣòwò, tísà, awakọ̀, tí ìjọba fi lẹ́tà pè pé kí wọ́n wá jókòó gbọ́ ẹjọ́. Wọn kò kọ́ òfin. Adájọ́ á ṣàlàyé òfin fún wọn, wọ́n á wọ yàrá kan lọ, wọ́n á tilẹ̀kùn, wọ́n á jíròrò, wọ́n á sì jáde wá sọ bóyá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Wọn kì í sọ ìdí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé irú rẹ̀ wá sí Èkó nígbà ìjọba amúnisìn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní Gánà, ó ṣì wà: ẹni méje ni júrì wọn. Kí ẹni tó bá sì lọ́mọ ní Lọ́ńdọ̀n má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan lèyí. Ọmọ Nàìjíríà tó bá ti gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé àwọn olùdìbò wọn, lè rí lẹ́tà gbà lọ́jọ́ kan pé kó wá ṣe júrì.

Méjìlá ni iye tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń lò láti ayé àtijọ́, òun náà ni wọ́n gbé dé Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ní 1970, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ nínú ẹjọ́ kan tó wá láti ìpínlẹ̀ Florida pé kò sóhun tó burú bí ẹni mẹ́fà bá ṣe júrì. Ìṣirò wọn ni pé ẹnì kan tó yapa láàárín mẹ́fà kò yàtọ̀ sí ẹni méjì tó yapa láàárín méjìlá.

Lórí tákàdá, ìṣirò yẹn tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó nípàdé mọ̀lẹ́bí rí, tí gbogbo ilé ní kí wọ́n ta ilẹ̀, tí òun nìkan ní kí wọ́n má tà á, mọ̀ pé ẹnì kan tó dá dúró kì í ṣe ìdajì ẹni méjì. Ẹni tó dá dúró yẹn, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tó fẹ́ tú ilé. Bí ẹyọ ẹnì kan bá wà níbẹ̀ tó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gbọ́ ohun tí lágbájá ń sọ, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Nínú àwọn ọdún 1950, Ọ̀jọ̀gbọ́n Solomon Asch dán irú èyí wò ní Amẹ́ríkà. Ó fa ìlà sórí káàdì, ó ní kí àwọn èèyàn sọ èyí tó gùn dọ́gba pẹ̀lú èyí tí òun fi hàn wọ́n. Ó ti bá gbogbo àwọn tó wà níjòókòó dì í, àfi ẹnì kan, pé kí wọ́n jùmọ̀ sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́. Ojú ẹni tó kù yẹn rí ìlà náà kedere, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ irú wọn ló bá àwọn yòókù sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ nígbà kan tàbí òmíràn. Nígbà tí Asch wá fi ẹnì kan ṣoṣo tó ń sọ òótọ́ sí àárín wọn, àṣìṣe náà dín kù gidigidi.

Nígbà tó di 1997, Michael Saks àti Mollie Marti kó ìwádìí 17 jọ lórí ọ̀rọ̀ ẹni mẹ́fà àti ẹni méjìlá yìí. Wọ́n rí i pé júrì tó pọ̀ máa ń pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ju èyí tó kéré lọ, wọ́n máa ń rántí ohun tí ẹlẹ́rìí sọ dáadáa sí i, ó sì máa ń rọrùn láti rí ẹni tó wá láti inú ẹ̀yà tí kò pọ̀ láàárín wọn. Wọ́n tún máa ń tú ká láìfẹnu kò ju àwọn tó kéré lọ, ìyẹn náà wà níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó gba ẹni mẹ́fà láàyè ní 1970 fúnra rẹ̀ sọ ní 1978 pé ẹni márùn-ún ti kéré jù.

Iye tó jókòó kò ju apá kan lọ. Apá kejì, tí mo rò pé ó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ni iye tó gbọ́dọ̀ gbà kí ọ̀rọ̀ tó parí. Reid Hastie, Steven Penrod àti Nancy Pennington tẹ ìwé jáde lórí èyí ní 1983. Wọ́n fi fíìmù ẹjọ́ ìpànìyàn han àwọn tí wọ́n ti pè wá ṣe júrì ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Júrì 69 ni wọ́n kó jọ, méjìlá-méjìlá. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gbà, fún àwọn kan pé mẹ́wàá tó, fún àwọn yòókù pé mẹ́jọ tó. Fíìmù kan náà ni gbogbo wọn wò.

Àwọn tí wọ́n ní kí gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan ló pẹ́ jù nínú yàrá, àwọn ló sì yẹ ẹ̀rí wò kínníkínní jù. Níbi tí mẹ́jọ ti tó, kíákíá ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìbò, àwọn tó kéré kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí àyè sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì rò ó, kò ṣe àjèjì. Bí ẹ bá ti pé mẹ́jọ, kí lẹ tún ń bẹ ẹni kẹsàn-án fún? Ẹ lè má gbọ́ ti ẹnu rẹ̀ rárá, ìdájọ́ yín ti pé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ ò lè jáde láìjẹ́ pé ó gbà, dandan ni kẹ́ ẹ dá a lóhùn. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Òfin tó ní kí gbogbo wọn gbà ń fi dandan mú wọn gbọ́ ti ẹnìkejì.

Àwọn kan mọ agbára òfin yìí, wọ́n sì fi ṣe ìkà. Ní 1898, àwọn òyìnbó tó ń ṣe ìwé òfin ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà fẹ́ kí agbára máa wà lọ́wọ́ àwọn nìkan. Òfin àpapọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lé aláwọ̀ dúdú kúrò nínú júrì. Wọ́n wá dá ọgbọ́n mìíràn: wọ́n ní mẹ́sàn-án nínú méjìlá ti tó láti dá èèyàn lẹ́bi. Aláwọ̀ dúdú kan tàbí méjì lè jókòó, ohùn wọn ò ní lè yí nǹkan kan padà. Nígbà tó yá, wọ́n sọ mẹ́sàn-án di mẹ́wàá, wọn ò sì gbé e kọjá bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Lábẹ́ òfin yìí ni wọ́n ti dá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Evangelisto Ramos lẹ́bi ìpànìyàn ní 2016. Mẹ́wàá ní ó jẹ̀bi, méjì kọ̀. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n fún un. Ní 2018, àwọn ará Louisiana dìbò yí òfin náà padà. Ní 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ nínú ẹjọ́ Ramos pé ìpínlẹ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ dá èèyàn lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ ńlá àfi bí gbogbo júrì bá gbà. Wọ́n tún ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́ ní 2023 níwájú júrì mìíràn. Wọ́n ní kò jẹ̀bi.

Àwọn tó fẹ́ kí iye tó pọ̀ máa borí náà ní àwíjàre. Ẹyọ ẹnì kan tó gba owó ẹ̀yìn, tàbí tí àwọn jàǹdùkú dẹ́rù bà, lè dí gbogbo ẹjọ́ lọ́wọ́. Torí irú èyí ni Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe gbà ní 1967 pé kí mẹ́wàá nínú méjìlá lè dájọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé wọ́n gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ jíròrò fún wákàtí méjì ó kéré tán, kí wọ́n sa ipá wọn bóyá gbogbo wọn á gbà. Ní Scotland, ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni júrì, mẹ́jọ ló sì tó láti dá èèyàn lẹ́bi fún ọjọ́ pípẹ́. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2025 sọ ọ́ di mẹ́wàá. Ìwé òfin Gánà ti 1992 sọ pé bí ẹjọ́ tó wà níwájú júrì bá jẹ́ ti ikú, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan.

Nílẹ̀ Èkìtì tiwa, àwọn ìwàrẹ̀fà ló ń bá ọba gbìmọ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú, mẹ́fà sì ni wọ́n. Mẹ́fà kì í ṣe iye àwọn tó fẹ́ dìbò, torí wọ́n lè pín sí mẹ́ta-mẹ́ta kí ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀. Lójú tèmi, iye àwọn tó fẹ́ jókòó títí ọ̀rọ̀ á fi wọ̀ ni. Òfin oyè tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní 1957 ló wá fi ìbò kíkà sínú òfin yíyan ọba, pé ẹni tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn afọbajẹ bá fẹ́ ni kí wọ́n mú. Ẹjọ́ oyè tó kún kóòtù láti ìgbà náà, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 2010 tí ẹjọ́ Èkìtì parí yẹn, àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ìwé òfin Nàìjíríà dín iye adájọ́ ìgbìmọ̀ ẹ̀sùn ìdìbò gómìnà kù. Alága àti ẹni mẹ́rin ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó di alága àti ẹni méjì. Bí alága àti ẹnì kan péré bá jókòó, òfin gbà pé wọ́n pé. Wọ́n tún fún wọn ní 180 ọjọ́ láti parí ẹjọ́, ẹni tó bá sì rántí pé ti Èkìtì gba nǹkan bí ọdún mẹ́ta ààbọ̀ á mọ̀ pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dá yẹn dára. Dídín tí wọ́n dín iye adájọ́ kù ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Láàárín mẹ́ta, bí méjì bá ti mọwọ́ ara wọn, ẹnì kẹta ti di ẹni tó dá dúró.

Ẹ wo Ọ̀ṣun tó múlé gbè wá. Ní oṣù kẹta, ọdún 2019, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta pín sí méjì àti ọ̀kan: méjì ní Ademọ́lá Adélékè ló wọlé, ẹnì kan ní Gbóyèga Oyètọ́lá ni. Ní kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, mẹ́rin sí ọ̀kan ni wọ́n fi yí i padà fún Oyètọ́lá. L'Ábújá, ní ọjọ́ karùn-ún, oṣù keje, márùn-ún sí méjì ni wọ́n fi fọwọ́ sí i fún un. Kókó tí wọ́n gùn lé ni pé adájọ́ tó ka ìdájọ́ àwọn méjì náà kò sí níjòókòó ní ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì, nígbà tí ẹlẹ́rìí ń jẹ́rìí. Ẹ yọ ẹnì kan yẹn kúrò nínú mẹ́ta, ọ̀kan sí ọ̀kan ló kù.

Wọ́n tún dìbò l'Ọ́ṣun ní 2022. Ní oṣù kìíní, ọdún 2023, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta tún pín sí méjì àti ọ̀kan. Oyètọ́lá ni àwọn méjì gbè lọ́tẹ̀ yìí. Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a nù ní oṣù kẹta, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fọwọ́ sí i fún Adélékè ní oṣù karùn-ún.

Ẹ̀ẹ̀mẹta rèé, l'Ékìtì lẹ́ẹ̀kan, l'Ọ́ṣun lẹ́ẹ̀mejì, tó jẹ́ pé ibi tí àwọn tó kéré nínú ìgbìmọ̀ wà ni ẹjọ́ parí sí. Èyí kò sọ pé ẹni tó kéré ló máa ń tọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ilé ẹjọ́ òkè ń ti àwọn tó pọ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àǹfààní kan wà lọ́wọ́ adájọ́ tó yapa nílẹ̀ wa tí kò sí lọ́wọ́ ẹni tó yapa nínú júrì. Ohun tí ẹni yẹn sọ nínú yàrá kì í jáde síta. Adájọ́ á kọ tirẹ̀ sílẹ̀, á kà á ní gbangba, lọ́yà á sì gbé e lọ síwájú ilé ẹjọ́ kejì. Èyí tí àwọn méjì kọ l'Ádó lọ́jọ́ náà bá wọn dé Ìlọrin, kò sì pé oṣù mẹ́fà kí ilé ìjọba tó gba àlejò tuntun.