Nígbà tí Ajá Kékeré Bá Ń Sín Sínú

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ, nígbà tí ọyẹ́ bá dé sí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ènìyàn nìkan kọ́ ni eruku ń dààmú. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń sin ajá kékeré onírun púpọ̀ lóde òní, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Lhasa, àti àwọn mìíràn tí imú wọn kúrú. Lójijì ni irú ajá bẹ́ẹ̀ lè dúró gbọnin, kí ó na ọrùn, kí ó ranjú, kí ó sì máa fi imú fa èémí wọlé léraléra pẹ̀lú ariwo bí ẹni tí ń hanrun. Àwọn ọmọ a sá. Ẹnì kan a ní iṣẹ́ ayé ni, ẹlòmíràn a ní dìgbòlugi ni, wọn a sì wá igi. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe lè pa ajá tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi.

Kí ni ó ń ṣe é?

Bí àwa bá sín, afẹ́fẹ́ a tú jáde. Ti ajá yìí yàtọ̀: ó ń sín sínú. Nǹkan kan ni ó ń yún un lẹ́yìn imú, níbi tí imú àti ọ̀fun ti pàdé. Kì í sábà ju ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lọ. Lẹ́yìn náà, ajá a gbé itọ́ mì, a sì máa ṣeré rẹ̀ lọ.

Ohun tí ó lè fà á pọ̀: eruku, èéfín ibi tí a ti ń yan gàrí, oògùn ẹ̀fọn tí a fín sí yàrá, lọ́fínńdà, okùn tí a fi fà á lọ́rùn, oúnjẹ tí ó fi ìwọra jẹ, tàbí ayọ̀ púpọ̀ nígbà tí bàbá bá ti ibi iṣẹ́ dé.

Kí ni kí a ṣe?

1. Ẹ má ṣe pariwo. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀.
2. Ẹ gbé e kúrò nínú eruku tàbí èéfín.
3. Ẹ rọra fi ọwọ́ pa á lọ́fun kí ó lè gbé itọ́ mì.
4. Ẹ má ṣe da epo pupa tàbí àgbo sí i lẹ́nu. Ó lè gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró.
5. Bí ẹ bá ń mú un rìn, okùn tí ó gba àyà sàn ju ti ọrùn lọ.

Èwo wá ni dìgbòlugi?

Dìgbòlugi kì í lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìwà ajá a yí padà. A lè máa bu ènìyàn jẹ láìnídìí, tàbí kí ó máa fara pamọ́. Ohùn rẹ̀ a yí, itọ́ a máa ṣàn, àgbọ̀n rẹ̀ sì lè rọ, tí yóò fi dà bí ẹni pé eegun há a lọ́fun. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà! Ẹ má ṣe ti ọwọ́ bọ ẹnu irú ajá bẹ́ẹ̀, nítorí inú itọ́ ni àrùn náà wà.

Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe dúró de àmì àìsàn, nítorí bí àmì bá ti yọ lára ènìyàn, àrùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbóògùn mọ́. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ajá yín láti oṣù 3, kí ẹ sì máa tún un gbà lọ́dọọdún.

Nígbà wo ni kí a lọ rí dókítà?

Bí sísín sínú náà bá ń pẹ́ tàbí tí ó ń ṣe é lemọ́lemọ́, bí ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún bá ń jáde ní imú rẹ̀, bí ó bá ń wúkọ́, bí èrìgì rẹ̀ bá di búlúù tàbí funfun, tàbí bí ó bá dákú, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà sí wa. Ẹ fi fóònù gba fídíò rẹ̀ nígbà tí ó bá ń ṣe é, nítorí ó lè ti dáwọ́ dúró kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ẹ pe àwọn ọmọ jọ ní alẹ́ òní, kí ẹ sì ṣàlàyé ìyàtọ̀ méjèèjì yìí fún wọn, nítorí àwọn ni wọ́n ń bá ajá ṣeré jù nínú ilé.