Ojú Òfuurufú Ń Ka Ọparun Ethiópíà

Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kó má ní ààlà. Bí èyí bá jẹ́ òótọ́ nípa oko tí ẹsẹ̀ lè yí ká, mélòó-mélòó ni ti igbó ọparun tó gba òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ ilẹ̀ Ethiópíà, èyí tí kò sí ìjọba tó lè ṣètò gígé rẹ̀ tàbí ààbò rẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ mọ bó ti pọ̀ tó?

Ìdí nìyí tí INBAR, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọparun, fi dara pọ̀ mọ́ àwọn onímọ̀ Yunifásítì Tsinghua ní Ṣáínà, tí wọ́n fi àwòrán láti ọ̀dọ̀ Landsat 8, sátẹ́láìtì tí Amẹ́ríkà rán lọ sójú òfuurufú ní 2013, ṣe máàpù ọparun Ethiópíà, Kenya àti Uganda. Nígbà tí àbọ̀ iṣẹ́ náà jáde ní 2018, ti Ethiópíà nìkan sún mọ́ mílíọ̀nù kan àbọ̀ hẹ́kítà.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn, nítorí ọparun aga-fíofío, ìbátan koríko, a máa fara jọ igi igbó lójú ẹni tó ń wò ó látòkè. Ṣùgbọ́n ajá ìwòyí ló mọ ehoro ìwòyí í lé: ẹ̀rọ náà ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí, èyí tó ń fi bí omi ti pọ̀ tó nínú ewé hàn, ó sì ń padà ya ilẹ̀ kan náà ní ọjọ́ 16-16, débi pé kọ̀ǹpútà lè fi àwòrán ìgbà òjò wé ti ẹ̀ẹ̀rùn, kó sì dá ọparun pẹ̀tẹ́lẹ̀, tó máa ń wọ́wé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, mọ̀ yàtọ̀.

Síbẹ̀, ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé lè gun igi kó má rí i. Ẹyọ àmì kan nínú àwòrán náà dúró fún 30 mítà níbùú lóròó, nítorí náà ìdì ọparun kékeré ẹ̀yìnkùlé kì í hàn níbẹ̀. Kùrukùru a sì máa bo orí òkè. Àwọn tó gbé ẹ̀rọ GPS wọ igbó, tí wọ́n sàmì síbi tí ọparun wà gan-an, ni wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà ní ohun tí yóò máa wá. Àgbẹ̀ ló sì ń rí i pé ọ̀pá kan ṣì wé èèpo mọ́ra, pé àwọ̀ èkejì ti ṣá, tó sì mọ̀ pé èyí tí kò tíì tó ọdún mẹ́ta kò yẹ ní gígé, nítorí òun ló ń fún ọ̀mùnú ọdún tó ń bọ̀ lágbára.

Láti 2008, kí Landsat 8 tó gbéra rárá, ni àwòrán àwọn sátẹ́láìtì Landsat ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé. Owó tí ìjọba ìbá fi rà á, kí wọ́n ná an sórí àwọn tó mọ inú igbó.