A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Olùkọ́ àti Onímọ̀ Kọ̀ǹpútà Nídìí Ẹ̀kọ́ Ọmọ Wa

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan ní Ìbídò, ọ̀kan nínú ìlú mẹ́tàlá tí ó para pọ̀ di Ṣàgámù ní ọdún 1872, ni mo ti rí ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí ó dorí kodò sórí fóònù ìyá rẹ̀, tí ó ń fi ètò ìṣirò kan kọ́ òǹkà Yorùbá. Nígbà tí ó dé orí 16, fóònù náà ya òkúta mẹ́wàá, ó ya mẹ́fà sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ohùn inú rẹ̀ sì pè é ní ẹ̀rìndínlógún. Ọmọ náà ka òkúta wọ̀nyí lẹ́ẹ̀mejì, ó gbójú sókè, ó ní, "Màmá mi, níbo ni ẹ̀rin wà, níbo ni ogún wà?" Ìyá rẹ̀, tí ó ń bó obì lọ́wọ́, kò rí èsì fọ̀.

Ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Gbogbo tíṣà tí ó ti fi ẹfun kọ òǹkà sójú pátákó rí ló mọ̀ pé láti oókànlá dé ẹ̀rìnlá, ẹ̀wá ni òǹkà wa ń fi kún, ṣùgbọ́n bí ó bá ti di ẹ̀ẹ́dógún, òǹkà a kọjú sí ogún, a sì máa yọ kúrò nínú rẹ̀, márùn-ún dín, mẹ́rin dín, títí yóò fi ku ẹyọ kan ṣoṣo. Oríta yìí gan-an ni ọmọ ti ń kọsẹ̀. Olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ yóò to ogún òkúta sílẹ̀, yóò ní kí ọmọ kó mẹ́rin kúrò, ọmọ yóò sì fi ojú ara rẹ̀ rí ìdí tí a fi ń pe èyí tí ó kù ní ẹ̀rìndínlógún. Ẹni tí ó ṣe ètò inú fóònù yẹn mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, n kò jiyàn. Àwòrán rẹ̀ dán, ohùn rẹ̀ já gaara. Ohun tí kò ní ni àgbà olùkọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ìbá dá a dúró pé, "Ọmọ mi, ogún ni kí o kọ́kọ́ yà." A kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Ti àmì ohùn ńkọ́? Orúkọ odò Ògùn ni ìpínlẹ̀ wa ń jẹ́. Bí ohùn bá yí díẹ̀, ó di ogun tí ń jà, ogún tí baba fi sílẹ̀ fún ọmọ, tàbí Ògún onírin. Ètò tí kò ka àmì sí yóò da gbogbo wọn pọ̀ sínú agbọ̀n kan. Olùkọ́ èdè ni ó sì lè sọ èyí tí a lè gbójú fò nínú àṣìṣe ọmọ ọdún méje, àti èyí tí a gbọ́dọ̀ dá a padà sí lójú ẹsẹ̀.

Kì í ṣe òní ni ayé ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, Donald Bitzer bẹ̀rẹ̀ ètò PLATO ní ọdún 1960, láti fi kọ̀ǹpútà kọ́ ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 1967 ni Paul Tenczar, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun abẹ̀mí nígbà náà, ṣe èdè kan tí ó ń jẹ́ TUTOR, tí ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ fi lè jókòó ti ẹ̀rọ kí ó kọ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sínú rẹ̀, láìjẹ́ pé ó ń rán ẹlòmíràn níṣẹ́ tí kò yé e.

Àwa náà ní àpẹẹrẹ tiwa, bí kò tilẹ̀ sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàrin àwọn yòókù. Ìwé tí wọn yóò lò kò sí nílẹ̀. Ṣe ni wọ́n kọ ọ́. Ìwádìí sì fi hàn pé àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún ọmọ Yorùbá lónìí, ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2013, tí ìwé 56 fún ẹ̀kọ́ 17 wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, inú mi dùn sí i, mo sì fẹ́ràn orúkọ náà, nítorí ojú ọ̀pọ́n ni babaláwo ń wò kí ó tó fọhùn. Ó gba ẹrù kúrò lórí ọmọ, ó sì fún un ní ìbéèrè ìdánwò tí ó lè fi dán ara rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ìwé tí a kó sínú ẹ̀rọ, ìwé náà ni. Kò lè mọ̀ pé ẹ̀rìndínlógún ni ó rú ọmọ lójú. Ètò tí yóò mọ̀ ọ́n, ọwọ́ méjì ni yóò ṣe é.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Olùkọ́ kò ní láti di onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nígbà tí ìlú mẹ́tàlá di Ṣàgámù: Ìbídò kò pa orúkọ rẹ̀ dà. Kí olùkọ́ sọ ibi tí ọmọ ti ń kọsẹ̀; kí onímọ̀ kọ̀ǹpútà yà á sórí bébà lásán; kí wọ́n gbé e fún ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí àwọn méjèèjì sì pa ẹnu mọ́, kí wọ́n máa wo ọwọ́ àti ojú àwọn ọmọ náà, kí wọ́n tó padà lọ tún un ṣe. Kí a sì san owó iṣẹ́ olùkọ́ fún un, bí a ti ń san ti ẹnì kejì.

Ènìyàn kò wọ́n wa. Yunifásítì Babcock wà ní Ìlíṣàn. Ilé-ìwé Mayflower tí Tai Solarin àti aya rẹ̀ Sheila dá sílẹ̀ ní ọdún 1956 wà ní Ìkẹ́nnẹ́. Yunifásítì tí a fi orúkọ Solarin pè, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2005 láti máa kọ́ àwọn tí yóò kọ́ ọmọ, wà ní Ìjagun lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Rẹ́mọ tí ẹ ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà, mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó kọ ìlà àkọ́kọ́, ẹ lọ bá tíṣà kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò yín, ẹ tọrọ ìjókòó lẹ́yìn kíláàsì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì mú ìwé àti bírò dání.